Bí Mo Ṣe Fi Làálì Pa Irun Mi Láró

Ewú ti gba iwájú orí mi kí n tó pé ogójì ọdún. A máa ń tètè hu ewú nílé wa. Dáì dúdú tí à ń pò mọ́ omi ni mo máa ń lò tẹ́lẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí mo lò ó kẹ́yìn, orí bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ojú mi méjèèjì ti wú débi pé n kò lè là wọ́n tán. Dókítà tó tọ́jú mi ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PPD, tó ń mú dáì dúdú, ni ara mi kọ̀. Ó ní bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n má ṣe dán an wò mọ́, torí tẹ̀yìn lè burú ju tàkọ́kọ́ lọ.

Síbẹ̀, mo fẹ́ kí irun mi ní àwọ̀. Ọdún kẹfà rèé tí rílásà ti kàn án gbẹ̀yìn, mo tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kan èjìká. Mo wá gba Sábó lọ n'Ìbàdàn, mo ní, "Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ẹ bá mi wo làálì tó dáa fún irun." Wọ́n gbé oríṣi méjì jáde: "Àǹtí, èyí ń pọ́n, èyí ń dú kíákíá." Mo ní èyí tó ń pọ́n ni mo fẹ́. Ewé ni làálì, kì í dú. Èyí tí wọ́n bá ń pè ní làálì dúdú, PPD yẹn náà ni wọ́n sábà ń pò mọ́ ọn. Mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní àwọ̀ ewé, ó ń rùn bíi koríko gbígbẹ. Bí ó bá ti ní àwọ̀ eruku, ó ti pẹ́ lọ́jà. Mo ra 200 gíráàmù.

N kò fi kan orí lọ́jọ́ náà. Mo po ṣíbí kan, mo fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí àti inú ìgbọ̀nwọ́, mo fọ̀ ọ́ kúrò, mo wá dúró fún wákàtí 48. Kò yún mi, kò wú. Irun tó ti já sínú kóòmù, ewú àti dúdú, ni mo fi ìyókù pa láró fún wákàtí mẹ́rin. Ewú pọ́n, dúdú kò yí padà, àfi tí oòrùn bá tàn sí i. Mo ti wá mọ ohun tí màá rí. (Ẹni tí G6PD rẹ̀, ìyẹn èròjà ara tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, kò tó, pàápàá ọmọdé, kò gbọdọ̀ lo làálì rárá, torí ó lè máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ara rẹ̀.)

Lálẹ́, mo po ìyókù nínú abọ́ ike pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, kò gbọdọ̀ pọ̀, torí ó ń mú irun gbẹ. Mo rò ó títí ó fi ki bí ẹ̀kọ, mo bò ó. Ní àárọ̀, ojú rẹ̀ ti di bíráòǹ: aró ti jáde nìyẹn.

Mo fọ irun, mo tú u dáadáa, n kò fi òróró kankan sí i. Mo pín in sọ́nà mẹ́jọ, mo fi básílíìnì pa etí àti iwájú orí, mo wọ ìbọ̀wọ́. Ewú iwájú ni mo kọ́kọ́ kàn, mo sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ ìdí irun. Ó wúwo lórí bí ẹni ru amọ̀! Mo fi nylon wé e, mo di gèlè àtijọ́ lé e, mo jókòó fún wákàtí mẹ́rin.

Fífọ̀ ọ́ ló gba sùúrù jù. Iyanrìn ewé kò fẹ́ kúrò. Mo ri orí bọ inú báàfù omi, mo da kọndíṣánà sí i, mo ń fi ìka yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Báàfù mẹ́ta kí omi tó mọ́. Ewú mi ń dán bí epo pupa lọ́jọ́ kìíní, àyà mi já. N kò fi ṣampú kàn án. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ó ti rọra ṣú, ó di àwọ̀ osùn gan-an, ẹwà rẹ̀ wọ̀ mí lójú.

Àbúrò mi ní kí n da aró aládìrẹ sí i kó lè dú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má dán an wò láéláé: sódà wà nínú ìkòkò aró, ó ń jó awọ orí.

Làálì máa ń mú irun le, ó sì ń mú un gbẹ. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi kọndíṣánà bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lábẹ́ nylon. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, nígbà tó ṣì tutù ni mo ń fi àdí àgbọn sí i, lẹ́yìn náà òrí díẹ̀ sí ṣóńṣó rẹ̀, ibi tó tètè ń já. Mo jáwọ́ nínú fífi ọṣẹ dúdú fọ orí. Ó le jù fún un. Òwú ni mo fi ń kó o dípò kí n fi iná nà án, síkáàfù sátíìnì ni mo sì ń wé sùn.

Làálì tó ṣẹ́ kù, mo dì í sínú nylon, mo jù ú sínú fìríìsà. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ewú tún yọrí nídìí irun. Mo yọ ọ́, mo jẹ́ kó yọ́, ìdí irun nìkan ni mo sì fi kàn.