Ohun tójú mi rí kí ìwé 8(a) tó tẹ̀ mí lọ́wọ́

$3,500 ni mo san fún ẹni tó ní òun máa bá mi gba ìwé 8(a). Ojú ewé méjì ló kọ fún gbogbo owó yẹn, ìjọba sì dá a padà pé kò sí ẹ̀rí kankan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìjọba kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ 8(a). Orúkọ iléeṣẹ́ tí a kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀ lórí SAM.gov, ìkànnì tí ìjọba fi ń forúkọ àwọn tó fẹ́ bá a ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí mo mọ bí àwa ọmọ Yorùbá ṣe pọ̀ tó ní Maryland níbí, mo sì mọ̀ pé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ń wá wa kiri.

Ẹni tí kò bá mọ 8(a), ètò kan ni tí SBA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí okoòwò kéékèèké, fi ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba fún àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn láwùjọ. Ọdún 9 péré ni èèyàn ń lò nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹni. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà lo gbọ́dọ̀ jẹ́, kó o ni ó kéré tán ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún iléeṣẹ́ náà, kó sì jẹ́ ìwọ gan-an lò ń darí rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọlé, ọ́fíìsì ìjọba lè gbé iṣẹ́ fún un láìpe ẹlòmíì wá bá a dù ú, bí owó iṣẹ́ náà kò bá ti ju ibi tí òfin fàlà sí lọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ńlá ni tèmi: ilẹ̀ fífọ̀, fèrèsé nínù, ìdọ̀tí kíkó. Abẹ́ agbaṣẹ́ṣe míì ni mo ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú àwọn ilé ìjọba. Òun ló ń gba owó gidi. Àwa tí à ń fọlẹ̀ lóru là ń gba èyí tó ṣẹ́ kù. Ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ kí orúkọ iléeṣẹ́ tèmi wà lórí ìwé iṣẹ́.

Mi ò ní fi ìwé owó orí, ìwé báǹkì àti ìwé ìdásílẹ̀ iléeṣẹ́ dá yín dúró. Ẹni tó bá ti ń ṣòwò fún ọdún 2 tó sì ń san owó orí rẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n wà nílé rẹ̀. Fọ́ọ̀mù 413 nìkan ni kí ọmọ ilé wa fara balẹ̀ sí, ibẹ̀ la ti ń to dúkìá wa sílẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbèsè kúrò, ohun tí ẹni ní kò gbọdọ̀ ju $850,000 lọ. Wọn kì í ka ilé tí ẹ ń gbé mọ́ ọn, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń kọ́ sí Ìbàdàn wà níbẹ̀. Owó tí ẹ bá ti fún ẹbí tímọ́tímọ́ láàárín ọdún 2 sẹ́yìn, wọ́n lè kà á sí tiyín, àfi bí ẹ bá fi hàn pé owó iléèwé, owó ìwòsàn tàbí owó àtijẹ wọn ni. Rìsíìtì oògùn màmá mi ni mo tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ibi tí mo ti rí màbo ni ìtàn ìyà tí wọ́n ní ká kọ. Tẹ́lẹ̀, bí aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà bá wá, òfin ti gbà pé wọ́n ti fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, àfi bí ẹ̀rí bá wá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2023, nínú ẹjọ́ tí iléeṣẹ́ Ultima pè, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Tennessee ní kí SBA jáwọ́ nínú ìyẹn. SBA dá gbígba ìwé tuntun dúró fúngbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fi máa ṣí i, kálukú ló gbọ́dọ̀ kọ tiẹ̀: ìgbà wo, níbo, ta ni, kí ni wọ́n ṣe fún ọ, kí lo fi mọ̀ pé torí àwọ̀ tàbí ìran rẹ ni, kí sì ni òwò rẹ pàdánù.

Ẹni tí mo sanwó fún wá kọ ọ́ pé ìyà ń jẹ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ó mẹ́nu ba òwò ẹrú, ó fi orúkọ mi sí ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí èmi. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìwé yẹn gan-an lọ́wọ́ arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, orúkọ iléeṣẹ́ nìkan ló yàtọ̀. Mo pè é, ó ní kí n fi bí a ṣe tálákà tó ní Ọ̀yọ́ kún un. Bẹ́ẹ̀ òfin là á mọ́lẹ̀ pé inú àwùjọ Amẹ́ríkà ni ìyà náà ti gbọ́dọ̀ jẹni, kì í ṣe orílẹ̀-èdè míì. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ìyẹn!

Ni mo bá jókòó tì í fúnra mi, iṣẹ́ náà sì dun èèyàn. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ka àbùkù ara ẹni sílẹ̀ fún àlejò. Bí wọ́n bá rí ẹ fín níta, wàá gbé e mì, wàá tún gèlè ẹ ṣe, wàá máa bá tìẹ lọ. Ìwé yìí ní kí n pọ̀ ọ́ jáde, kí n sì mú ẹlẹ́rìí wá. Ó pẹ́ gan-an kí n tó lè kọ ìlà àkọ́kọ́.

Fọ́tò kan ló là mí lójú. Ní 2019, a lọ wo ilé kan tí wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta. Gbogbo agbaṣẹ́ṣe ló ń kọ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo kọ tèmi, mo kọ orúkọ iléeṣẹ́, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo ni ín. Ọkùnrin tó fẹ́ mú wa yíká gbójú sókè wò mí, ó fi bírò fa ìlà sórí ìyẹn, ó kọ agbálẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ó ní kí n lọ gba ẹ̀yìn wọlé, pé ibẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ ń dúró sí. Mi ò bá a jà. Mo yọ fóònù, mo ya ìwé náà. Nígbà tí mo fi máa ráyè wọlé, wọ́n ti parí ìrìn, mi ò mọ iye yàrá tó wà níbẹ̀, mi ò sì lè díye lé iṣẹ́ náà.

Mo kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo fi fọ́tò náà tì í pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, mo fi ìmẹ́èlì tí mo fi fẹjọ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn sí i, agbaṣẹ́ṣe ará Gánà kan tó dúró lẹ́yìn mi lórí ìlà sì kọ ohun tó fojú rí, ó buwọ́ lù ú. Mo tún kọ ti báǹkì tó kọ̀ láti yá mi lówó, tó sì yá ẹni tí òwò rẹ̀ kéré sí tèmi, pẹ̀lú lẹ́tà tiwa méjèèjì. Mo kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà lọ́wọ́ mi. Ìtàn tí mo kọ fúnra mi yìí ni wọ́n gbà. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, kò sí ẹni tí mo sanwó fún, inú mi sì dùn sí i ju ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé ìwé ẹ̀rí ni iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà yín ni ọdún 9 ti ń kà, bóyá ẹ ríṣẹ́ tàbí ẹ ò rí. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti máa bá àwọn tó ń ra iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba sọ̀rọ̀ kí n tó kọ̀wé rárá. Ọ̀dọ̀ APEX Accelerators, àwọn ọ́fíìsì tó ń kọ́ oníṣòwò bí a ṣe ń wá iṣẹ́ ìjọba, ni kí ẹ gbà lọ, wọ́n ń ranni lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà náà sì ti há sí i: ìjọba Biden fẹ́ kí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ìjọba dé ọ̀dọ̀ irú wa, ní 2025 ìjọba Trump dá a padà sí 5 tó wà nínú òfin. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, Kelly Loeffler, olórí SBA, ní kí wọ́n yẹ ìwé gbogbo ètò 8(a) wò. Ẹ má da ìwé kankan nù.

Àwọn kan ti ń ní kí n fi ìtàn tèmi ránṣẹ́ káwọn wò ó kọ. Mi ò ní fi ránṣẹ́, torí bí wọ́n ṣe gba owó mi gbé nìyẹn. Ẹ ṣí àwọn ìmẹ́èlì àtijọ́ yín, ẹ wò wọ́n láti ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ òwò. Bó bá jẹ́ Fọ́ọ̀mù 413 ló ń dà yín láàmú, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, mo máa bá yín wò ó, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀.