Bí Mo Ṣe Gba Orúkọ Ìdílé Wa Padà

Lẹ́tà kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan gbé jẹ lára orúkọ mi ni ó gba owó àti àkókò lọ́wọ́ mi ju ilé-ẹjọ́, báǹkì àti ọ́fíìsì NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà) lápapọ̀ lọ, inú rẹ̀ sì ń bí mi títí di òní.

Fátókun ni orúkọ ìdílé wa. Nígbà tí bàbá mi ṣe ìrìbọmi ni wọ́n yọ Ifá kúrò, tí wọ́n fi Olú sí i, Olútókun sì ni àwa ọmọ ń jẹ́ nílé-ìwé. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn kan sì ti padà sẹ́yìn ṣáájú mi: David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, sọ ara rẹ̀ di Mojọlá Àgbébí ní ọdún 1894, Fẹlá náà sì ju Ransome nù, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Ní tèmi, agbẹjọ́rò tí ń to ìwé ilé bàbá àgbà ni ó béèrè pé kí ni Olútókun ń wá láàárín àwọn ọmọ Fátókun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ìbúra ìyípadà orúkọ nílé-ẹjọ́ gíga kò le rárá. Ẹni tó bá mú fọ́tò àti owó dání yóò ṣe é tán, n kò ní fi àlàyé rẹ̀ gùn yín lára.

Ìwé ìròyìn, tí a fi ń kéde ìyípadà náà, ni wàhálà. Mo fi orúkọ méjèèjì ránṣẹ́ sí aṣojú wọn lórí WhatsApp, lẹ́tà ńlá gbogbo. Nígbà tí ìwé náà jáde, ìkéde wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ, pé ìwé àtijọ́ gbogbo ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí gbogbo ènìyàn ṣàkíyèsí. Ṣùgbọ́n FATOKU ni wọ́n tẹ̀. Nígbà tí mo pè é, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa mú un lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbà á.” Wọn kò gbà á ní ọ́fíìsì NIN. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fi ṣóńṣó bíírò sábẹ́ U tó gbẹ̀yìn, ó sì rọra sọ pé, “Ẹ má bínú sà, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ síbí la máa kọ.” N kò lè bá a jà, nítorí òótọ́ ló sọ.

Aṣojú wá ní kí n san owó tuntun. Ó gba ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò sì rí nǹkan kan ṣe. Ó ní olóòtú ló jẹ̀bi. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ olóòtú ní bí aṣojú ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ ni wọ́n ń tì síhìn-ín tì sọ́hùn-ún. Níkẹyìn, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp náà sórí bébà, mo gbé e lọ sí olú ilé-iṣẹ́ wọn, mo sì jókòó ti ọ̀gá ẹ̀ka ìpolówó títí ó fi buwọ́ lù ú pé kí wọ́n tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbóríyìn fún ara mi lọ́jọ́ náà!

Látìgbà náà, kò sí ìdíwọ́ mọ́. Wọ́n tún orúkọ mi ṣe lórí NIN, nọ́ńbà mọ́kànlá náà kò sì yí padà. Lẹ́yìn èyí ni mo tó lọ tún BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, ṣe ní báǹkì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí ó ní kí aṣojú fi àwòrán ojú ewé náà hàn án kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ó má sì bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kí ó tún ra ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà púpọ̀, nítorí àwọn ọ́fíìsì a máa fẹ́ ojúlówó.

Olútókun ṣì ni ó wà lórí ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi, n kò sì ní tìtorí rẹ̀ da ara mi láàmú. Mo fi ìwé ìbúra àti ojú ewé ìwé ìròyìn mọ́ ọn nínú fáìlì kan, ẹni tó bá béèrè ni mo ń fi hàn. Ìdajì owó mi ṣì wà lọ́wọ́ aṣojú, kò sì gbé ìpè mi mọ́.