Bó o ṣe lè ní ọgbà ẹ̀fọ́ láì náwó púpọ̀

Ọkọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rà o, àmọ́ ẹ lọ bá alágbẹ̀dẹ, èyí tí wọ́n fi irin sípíríǹgì mọ́tò rọ máa ń pẹ́ dáadáa. Ẹ di èèkù ẹ̀ mú kẹ́ ẹ mì í, tó bá ń yẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti lò ó tán, ẹ ha ẹrẹ̀ ara ẹ̀, ẹ nù ún gbẹ kẹ́ ẹ fi òróró díẹ̀ pa á kó má bàa dógùn-ún, ẹ má fi sójò rárá.

Ewúro ò gba owó, ẹ ṣáà tọrọ igi tó ti gbó lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ fi gún ilẹ̀ rírọ̀. Igi gbúre tẹ́ ẹ rà lọ́jà náà máa ń hù, kí lẹ ń dà á nù fún? Ata ní tiẹ̀, garawa tó ti jò ti tó láti gbìn ín sí o, àárọ̀ àbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa bomi rin ín.