Bí O Ṣe Lè Bẹ Ẹbí àti Ọ̀rẹ́ Kí Wọ́n Dáwó Oúnjẹ fún Àwọn Tí Ebi Ń Pa

Ẹbí tó ń dáwó aṣọ ẹbí, tó ń dáwó ìkómọ àti òkú àgbà, kò nílò ẹni tó máa kọ́ wọn ní owó dídá. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí owó náà ń lọ bá, àti bóyá yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Tó o bá lè dáhùn méjèèjì, o ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ tó o ń tọrọ owó fún

Má kàn sọ pé "fún àwọn aláìní". Dárúkọ ẹgbẹ́ kan. Ní Èkó, Lagos Food Bank Initiative wà, tí Michael Sunbola dá sílẹ̀ lọ́dún 2015. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún àwọn ìdílé tí kò rí jẹ, wọ́n sì ní ètò kan fún aláboyún, abiyamọ àti ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kékeré àdúgbò rẹ ló wù ọ́, wò ó lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀, kó o sì lọ síbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, kó o fojú ara rẹ rí i.

Gba nọ́ńbà àkáǹtì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà fúnra wọn. Kó o tó fi han ẹnikẹ́ni, tẹ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú áàpù báńkì rẹ kó o wo orúkọ tó máa jáde. Orúkọ ẹgbẹ́ ló yẹ kó o rí. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ló jáde, dúró ná, kó o bèèrè ìdí. Má sì gba owó sínú àkáǹtì tìrẹ. Bó ti wù kí wọ́n fọkàn tán ọ tó, owó tó bá gba ọwọ́ rẹ kọjá máa ń bí awuyewuye lọ́jọ́ kan, pàápàá láàárín ẹbí.

Mọ ohun tí owó náà lè rà

Lọ sọ́jà, kó o bèèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò ẹ̀wà, kóńgò gaàrí àti òróró lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ pé owó òun tó kóńgò ẹ̀wà kan àti gaàrí méjì á mọ ohun tó ń ṣe. "Ẹ ràn wá lọ́wọ́" kò fi nǹkan kan hàn án.

Bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọ̀rọ̀ tó o bá jù sínú gúrúùpù ẹbí lórí WhatsApp, kálukú á rò pé ẹlòmíì ti dá a lóhùn. Àwọn àgbà ni kó o kọ́kọ́ lọ bá. Tó o bá lè dé ilé wọn, lọ. Tí kò bá ṣeé ṣe, pè wọ́n. Má dárúkọ iye fún wọn:

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Ṣé ara le? Mo ń bá àwọn kan tó ń fún aláboyún lóúnjẹ dáwó ni mà. Mo ti dá tèmi, mo ní kí n wá fi tó yín létí. Ohunkóhun tí agbára yín bá ká, mà."

Tí àgbà kan bá ti dá tirẹ̀, tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó o lè dárúkọ rẹ̀ fáwọn tó kù. Orúkọ nìkan o, má sọ iye.

Ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ rẹ ni kó o sọ iye fún: "Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, ṣé o lè bá mi ra kóńgò ẹ̀wà kan fáwọn ọmọ yìí kó tó di Jímọ̀? Àkáǹtì ẹgbẹ́ náà rèé, orúkọ wọn á jáde tó o bá tẹ̀ ẹ́." Nítorí àwọn gbájúẹ̀ tó ń gba WhatsApp olóhun fi tọrọ owó, fóìsì nóòtì ni kó o fi ránṣẹ́. Ẹni tó mọ̀ ẹ́ á mọ ohùn rẹ.

Fún àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Gift Aid wà: tí ẹni tó ń san owó orí níbẹ̀ bá fún ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ ní Bìrìtéènì ní pọ́ùn kan, tó sì buwọ́ lùwé, ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 lé e. Àkáǹtì ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan kò ní irú àǹfààní yẹn, nítorí náà sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n yan èyí tó wù wọ́n.

Jọ̀wọ́, má fi àwòrán ọmọ tí ebi ti sọ di egungun bẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹlòmíràn ni, yóò dàgbà, àwòrán náà á sì wà níbẹ̀. Àwòrán àpò ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n tò sílẹ̀ ti tó.

Ẹni tí kò bá dáhùn, rán an létí lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan ò rọrùn, gbà á gbọ́. Ó lè jẹ́ ilé tirẹ̀ gan-an ni ebi wà. Pè é lálẹ́ nígbà tí kò sí ẹlòmíràn nítòsí, bi í bí wọ́n ṣe ń jẹun, kó o sì bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà bóyá wọ́n lè fún un ní oúnjẹ. Èyí ṣe pàtàkì ju owó tó o ń dá lọ.

Jábọ̀

Kí gbogbo ẹni tó bá dáwó fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ọ, kó o kọ ọ́ sínú ìwé tìrẹ. Tí ọjọ́ bá pé, sọ àpapọ̀ owó fún kálukú, kó o fi ìwé ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ náà kún un. Má tò orúkọ àti iye sínú gúrúùpù, nítorí ẹni tó mú díẹ̀ wá lè jẹ́ ẹni tó ná gbogbo ohun tó ní. Ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ti máa bi ara wọn léèrè níbi tí owó wà.