Bí A Ṣe Tún Ẹsẹ̀ Irin Táǹkì Omi Wa Kùn ní Kubwa

Táǹkì tó wà lẹ́yìnkùlé wa ń gba omi lítà 2,000. Tó bá kún, omi inú rẹ̀ nìkan wọn tọ́ọ̀nù 2, orí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin sì ni gbogbo rẹ̀ jókòó lé. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìyá ilé wa ti ń fọṣọ, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Nígbà tí mo rí i pé ìpẹtà ti ń ṣí ní ìpele-ìpele nídìí àwọn ẹsẹ̀ náà, níbi tí irin ti wọnú kọnkéré, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

Péńtà tí mo pè, ọmọ Ìkirè ni, ó ti pẹ́ ní Abuja. Ó yí i ká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dà dúdú gba orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí."

Mo ní, "Àbúrò mi, má bínú. A ò ní kùn ún lórí ìpẹtà."

Ìpẹtà kì í di irin mú dáadáa. Ọ̀dà tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, òun àti ìpẹtà ni yóò jọ ṣí kúrò. Ó tún máa ń fa omi mọ́ra, bẹ́ẹ̀ omi àti afẹ́fẹ́ gan-an ló ń bí ìpẹtà. Ẹni tó fi ọ̀dà bò ó ti sé omi mọ́ irin lára nìyẹn.

Oṣù Kọkànlá ni mo fi iṣẹ́ sí. Òjò ti máa ń lọ nígbà yẹn ní Abuja, eruku ọyẹ́ kò sì tíì gbòde. A tú omi táǹkì dànù, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo sì fi òòlù kan irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó ṣì le ń dún gooro. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ wọnú ń dún bọ̀bọ̀. Ọ̀dà kankan kò lè dá irin tó ti jẹrà padà, nítorí náà a pe Màlámù wẹ́dà. Ó gé ibi tó ti bàjẹ́, ó jo irin tuntun mọ́ ọn, ó sì gbá gbogbo èérún iná wẹ́dà kúrò lójú oríkèé.

Ọ̀dà àtijọ́ ló gba sùúrù jù. Ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá òjé (lead), irin tó ní májèlé, wà nínú ọ̀dà, ọ̀rọ̀ òjé kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré níhìn-ín. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Mo ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ wọlé. A tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, a fi omi rin ọ̀dà náà kó má baà kù, a sì fi ọwọ́ họ ọ́. Gbogbo ohun tó já bọ́ la dì sínú ọ̀rá.

Lẹ́yìn náà la fi omi ọṣẹ fọ irin, torí epo jẹnẹrétọ̀ ti ta sí i. Epo gbọ́dọ̀ kúrò kí èèyàn tó fi nǹkan họ irin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ńṣe ni yóò máa tan epo náà kiri. Nígbà tó gbẹ, a fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ fáìlì bọ́ ìpẹtà, a wá fi sáńpépà líle gbo ó. Irin tó bá ń dán bíi dígí kò dáa fún ọ̀dà. Ó yẹ kó ní ìhọra díẹ̀ tí ọ̀dà yóò fi dì í mú.

Ọjọ́ tí a bọ́ ìpẹtà tán náà la kun ọ̀dà àkọ́kọ́, torí ìrì òru kan ti tó láti dá ìpẹtà padà. Péńtà fẹ́ red oxide, ọ̀dà pupa tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kun irin. Red oxide kò burú, àmọ́ ńṣe ló kàn ń bo irin. Epoxy, irú ọ̀dà kan tó máa ń le koko, tí lẹ́búlẹ́bú síńkì kún inú rẹ̀ ni mo rà ní ọjà Dei-Dei. Síńkì tètè ń jẹrà ju irin lọ: tí àwọn méjèèjì bá fara kanra tí omi sì dé, síńkì ló ń fara gbá a. Ọgbọ́n yìí ni Stanislas Sorel, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, fi gba ìwé ẹ̀tọ́ (patent) nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1837, pé kí wọ́n máa ri irin bọ síńkì yíyọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rì í lónìí ń mú síńkì gbóná tó 450°C. Tiwa ti wà nínú kọnkéré, kò ṣeé rì, ọ̀dà yìí ló sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ara irin gan-an ló gbọ́dọ̀ kàn, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa rò ó lemọ́lemọ́, torí síńkì wúwo, ó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ agolo.

Búrọ́ọ̀ṣì kékeré la kọ́kọ́ fi kun gbogbo etí irin, ojú wẹ́dà àti orí bóòtù. Ọ̀dà tútù máa ń sá kúrò létí tó mú, ibẹ̀ ló ń fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ náà sì ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn la tó kun ìyókù.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni epoxy lásán, agolo méjì tí wọ́n ń pò pọ̀. Ìwọ̀n tó wà lára agolo ni mo tẹ̀ lé láìfojú díwọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ la ń pò ó, torí ooru Abuja máa ń jẹ́ kó tètè gan nínú ike. Òòrùn máa ń sọ epoxy di ẹfun, nítorí náà polyurethane, ọ̀dà tí òòrùn kì í tètè bà jẹ́, la fi kádìí rẹ̀ lókè.

Páìpù tó ti ní síńkì lára láti ilé iṣẹ́, mi ò jẹ́ kí péńtà fi ọ̀dà olóròóró kàn án. Òróró inú ọ̀dà náà àti síńkì máa ń di nǹkan bí ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ á sì bó. Mo ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yí ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká, kí omi má dúró síbẹ̀, a sì darí páìpù tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà lọ sí gọ́tà.

Òjò ọdún kan ti rọ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ ṣì le koko. Ojú bóòtù kan péré ni spánà ti họ ọ̀dà kúrò, mo sì ti gbo ibẹ̀, mo fi síńkì tọ́ ọ, mo fi epoxy lé e. Ìyókù agolo wa tí a kò tíì pò wà nílé fún irú rẹ̀.