Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá àpapọ̀ iṣẹ́ àtijọ́ lè ba pátẹ́ǹtì jẹ́

Abala 103 òfin pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà (ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí ohun tó ṣe) kò fàyè gba ohun tó hàn kedere sí oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà níwọ̀n. Ṣùgbọ́n pé ẹ rí gbogbo ẹ̀yà kíléèmù (gbólóhùn tó sọ ohun tí pátẹ́ǹtì dáàbò bò) nínú ìwé àtijọ́, ìyẹn ìwé tó ti wà ṣáájú, kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ẹ ní láti fi ìdí tí oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ì bá fi so wọ́n pọ̀ hàn.

Ẹ gé kíléèmù sí wẹ́wẹ́, ẹ̀yà kan lórí ìlà kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ìwé àti ojú ewé tí ẹ ti rí i. Ẹ yẹ ọjọ́ ìwé náà wò. Ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ kan náà, tàbí kó kan ìṣòro tí olùpilẹ̀ṣẹ̀ ń yanjú. Ẹ̀yà tí ẹ kò bá rí, ẹ má sáré fi “gbogbo ènìyàn ló mọ̀” dí àlàfo rẹ̀.

Orí ìdí ni iṣẹ́ wà. Ẹ wo ẹjọ́ KSR àti Teleflex, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní 2007, lórí pẹ́dà ọkọ̀ tó ṣeé sún síwá sẹ́yìn, tó ní sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń fi iná mànàmáná sọ bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ pẹ́dà tó). Pátẹ́ǹtì àtijọ́ kan, ti Asano, ti ní pẹ́dà tó ṣeé sún bẹ́ẹ̀ láìní sẹ́ńsọ̀, ibi tó ti ń yí kì í sì kúrò lójú kan. Òmíràn, ti Smith, ní kí wọ́n gbé sẹ́ńsọ̀ sára ohun tí kì í mira, kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kí wáyà má bàa máa họ. Kí ni kì í mira lára pẹ́dà Asano? Ibi tó ti ń yí gan-an. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sì ti ń pa okùn irin tó so pẹ́dà mọ́ ẹ́ńjìnnì tì, wọ́n ń lo sẹ́ńsọ̀ dípò rẹ̀. Kíléèmù náà ṣubú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé kan tó sọ pé kí wọ́n so méjèèjì pọ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá oníṣẹ́ náà ì bá retí pé yóò ṣiṣẹ́. Nínú ẹ̀rọ onírin èyí sábà máa ń rọrùn; nínú kẹ́mísírì, ẹ má gbà á láìsí ẹ̀rí.

Ẹ wá ìwé tó ń lé ni sẹ́yìn náà, ìyẹn èyí tó ń kìlọ̀ fún oníṣẹ́ pé kó má gba ọ̀nà yẹn. Bátìrì Adams, tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ ní 1966, lo magnesium àti cuprous chloride, omi ló sì ń mú un ṣiṣẹ́. Àwọn èròjà náà kò ṣàjèjì, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìgbà yẹn ì bá lé oníṣẹ́ jìnnà sí i. Pátẹ́ǹtì náà dúró. Ìwé tó kàn fẹ́ràn ọ̀nà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn fi kíléèmù ṣe àwòrán atọ́nà, kó wá máa ṣa ẹ̀yà tó bá a mu nínú àwọn ìwé àtijọ́. Ẹ bo kíléèmù mọ́lẹ̀, kí ẹ tún ìdí yín kà. Bó bá jẹ́ inú ìwé ẹni tó béèrè fún pátẹ́ǹtì náà nìkan ló ti wá, ẹ pa á rẹ́. Bí wọ́n bá fi bí ọjà náà ṣe tà gan-an ṣe ẹ̀rí pé kò hàn kedere, ẹ wò ó bóyá ẹ̀yà inú kíléèmù ló tà á, tàbí ìpolówó.