Àṣìṣe Tí Ó Ń Ba Iṣẹ́ Pírodúsà Orin Jẹ́ Ní Àjàṣẹ́ àti Kétu

Àìmọ bíìtì ṣe kọ́ ló ń lé pírodúsà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níhìn-ín. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kétu, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀dọ́ tó lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó sì gbé bíìtì tó dùn kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú kò lóǹkà. Ohun tí wọn kò ṣe kí olórin tó dúró síwájú màíkì, àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láìṣe nígbà tí olórin ti lọ tán, níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Èyí tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni la máa fi ṣáájú.

Gbígbohùn sílẹ̀ láìkọ̀wé

Olórin mú ọ̀rọ̀ wá, pírodúsà mú bíìtì wá, ẹnì kan sanwó sítúdíò, wọ́n ní ọ̀rẹ́ làwọn, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí orin náà kò tíì mówó wá, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ni ìjà dé. George Martin, pírodúsà tó darí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwo ẹgbẹ́ olórin Beatles, owó oṣù lásán ló ń gbà ní ilé-iṣẹ́ àwo EMI nígbà tí àwo wọn ń tà káàkiri ayé. Kò ní ìpín nínú ohun tó ń tà. Ní ọdún 1965 ó kúrò níbẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ilé-iṣẹ́ AIR sílẹ̀ kí wọ́n lè máa gba ìpín tiwọn.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ti tó. Ẹ kọ orúkọ orin àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe ohùn orin àti bíìtì, ìdá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú ọgọ́rùn-ún (ẹ ṣírò rẹ̀ kó pé 100 géérégé), ẹni tó san owó sítúdíò, àti ẹni tó ni másítà, ìyẹn ìgbohùnsílẹ̀ orin náà gan-an. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i kí ohùn àkọ́kọ́ tó wọlé, nítorí lẹ́yìn ìgbà náà kò sí ohun tó máa mú ẹni tí ó jẹ yín ní ìwé kánjú. Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin 2005-30, tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2006, dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá orin, ti ẹni tó kọ ọ́ àti ti ẹni tó náwó sí gbígbà á sílẹ̀. BUBEDRA, ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ yìí, ló ń bá olórin gba owó rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, àmọ́ kò lè gba owó fún orúkọ tí kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Àwọn tó ń bá olórin Èkó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀fọ́rí kan sí i. Nínú ìwé àdéhùn tí a fi Faransé kọ, *producteur* ni ẹni tó náwó, òun ló sì ni másítà. Ní Èkó, ẹni tó ṣe bíìtì ni wọ́n ń pè ní pírodúsà. Ẹlòmíràn ti fọwọ́ sí ohun tí kò mọ̀ nípasẹ̀ èyí. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tó kàn dárúkọ oyè. Kó sọ iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe àti ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Bákan náà ni fífi fóònù gba ohùn ẹlẹ́fẹ̀ lóru Ẹ̀fẹ̀, tó ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní Kétu, kí a gé e, kí a rọ ọ́ sínú bíìtì, kí a sì máa tà á. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà lára àwọn àṣà tí UNESCO kéde láti ọdún 2001, àmọ́ èyí kò sọ ọ́ di ohun tí kò lólúwa. Ohùn yẹn ní ẹni tó kọ ọ́, ẹgbẹ́ náà sì ní bàbá àti ìyá tó ń darí rẹ̀. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á gbà, wọ́n á sì fún yín ní ẹni tó máa kọ ọ́ dáadáa níwájú màíkì.

Fífi okùn ẹlòmíràn de ìlù wa

Àṣìṣe yìí ló ń dùn wá jù, nítorí pé kì í hàn sójú, etí nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú ìlù ìbílẹ̀ wa ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà sì máa ń ṣí pẹ̀lú ìlà mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: bí orin bá ń lọ ní 100 BPM (ìlù 100 ní ìṣẹ́jú kan), ìlù kan gba 600 mìlíìsẹ́kọ́ǹdì. Ọwọ́ onílù á bọ́ sí 0, 200 àti 400. Ìlà kọ̀ǹpútà wà ní 0, 150, 300 àti 450. Bí ẹ bá tẹ *quantize*, èyí tó ń fa ìlù kọ̀ọ̀kan lọ sórí ìlà tó sún mọ́ ọn jù, èyí tó wà ní 200 á padà sẹ́yìn sí 150, èyí tó wà ní 400 á sún síwájú sí 450. Ìyàtọ̀ 50 mìlíìsẹ́kọ́ǹdì ni, ó sì tó láti mú kí ẹsẹ̀ oníjó ṣìnà. Ẹ yí ìlà náà sí mẹ́ta-mẹ́ta (12/8) kí ẹ tó gba ìlù kankan, tàbí kí ẹ má tẹ *quantize* rárá.

Ẹ má sì fi ohùn "tíkì-tíkì" kọ̀ǹpútà sí etí onígángan. Agogo ló mọ̀ láti máa tẹ̀ lé. Ẹ kọ́kọ́ gba agogo sílẹ̀ fún ìwọ̀n (*bar*) mẹ́jọ, kó bá ìyára kọ̀ǹpútà mu, kí ẹ ṣe é ní àṣetúnṣe, kí onílù sì máa gbọ́ ọ nínú gbohùngbọ́ etí rẹ̀.

Màíkì tó sún mọ́ gángan jù á gba ìró ọ̀pá ìlù ju ohùn awọ lọ. Ẹ gbé e sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 50 sí 80. Ìlù tó kọ́kọ́ dún máa ń le ju bó ṣe dún nígbà tí ẹ ń dán an wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ibi gíga jù lọ rẹ̀ wà láàárín -12 àti -6 dB, ní 24-bit. Ohùn tó bá ti fọ́ ní ẹnu ọ̀nà ìwọlé kò sí sọ́fítíwíà tó lè tún un ṣe.

Auto-Tune, sọ́fítíwíà tó ń tún ohùn olórin tó bá ṣì ṣe, náà wà níbẹ̀. Bí a bá fi ìyára rẹ̀ sí 0, ohùn tó ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ sókè á di àtẹ̀gùn. Lórí orin Yorùbá, ó lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ibi tí olórin kò fẹ́. Ẹ gbé e sí nǹkan bí 25 sí 40, kí ẹ yan ìpele (*key*) orin gan-an, kí ẹ má fi í sí gbogbo ìpele.

Yàrá, òjò àti iná

Páálí ẹyin lára ògiri kò dá ariwo dúró; ohun tó ń ṣe kò ju kó rọ ohùn tín-ín-rín díẹ̀. Tìmùtìmù tàbí kúbùsù tó nípọn, tí a gbé kọ́ *sẹ́yìn olórin*, ṣiṣẹ́ jù ú lọ, nítorí pé iwájú ni màíkì ń gbọ́, ohun tó sì wà níwájú màíkì ni ẹ̀yìn ẹni tó ń kọrin. Kí ẹnu olórin wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, pẹ̀lú aṣọ ìdènà atẹ́gùn ẹnu láàárín. Ẹ pa fáànù àti fíríìjì. Lábẹ́ òrùlé páànù, láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, ẹ má fi ọjọ́ gbígba ohùn sí wákàtí tí òjò máa ń rọ̀.

Ọ̀rinrin ọ̀sà Àjàṣẹ́ máa ń wọ inú màíkì olóhùn-ẹlẹgẹ́ (*condenser*), á sì máa hó nínú ohùn. Ẹ fi í sínú àpótí tó dé, pẹ̀lú àpò silica gel, lẹ́yìn iṣẹ́.

Onduleur, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń di iná mú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, yẹ kó wà kí ẹ tó ra màíkì kejì. Ó kéré jù, ẹ ní ibi ìfipamọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má wà nínú ilé yẹn. Ìṣẹ́jú kan ohùn kan (*track*) ní 48 kHz àti 24-bit gba nǹkan bíi 8.6 MB, orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó ní ohùn 30 á sì tó 1 GB. Díìsìkì kékeré gbé e.

Lẹ́yìn tí orin bá parí

Ẹ má fi bíìtì ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohùn lórí WhatsApp. Ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kó wà ní WAV. Kí gbogbo ohùn bẹ̀rẹ̀ láti 0, kí orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ gba ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí MP3 tó ní orúkọ yín láàárín rẹ̀ ló máa jáde títí ìdajì kejì yóò fi wọlé. Àtúnṣe méjì ni kó wà nínú iye tí ẹ dá. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ ní owó tirẹ̀.

Ariwo máa ń tan pírodúsà tuntun. Fífún másítà títí dé -7 LUFS (òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó) kò ní í mú orin yín dún ju ti ẹlòmíràn lọ lórí Spotify: wọ́n á fà á wálẹ̀ sí -14, ohun tó kù sì ni ìlù tó ti rẹ̀. Ẹ fi ibi gíga jù lọ rẹ̀ sí -1 dBTP, kí ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù àti nínú ọkọ̀ kí ẹ tó fi í sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kì í ka ISRC sí. Kóòdù lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni, ìgbohùnsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, rémíìsì náà gba òmíràn. Bí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń pín orin yín kiri lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ mú kóòdù àtijọ́ lọ. Bí ẹ bá gba tuntun, iye ìgbà tí àwọn èèyàn ti gbọ́ orin náà lè má tẹ̀ lé e, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan wà.